Aago ọwọ́ àtijọ́ olówó iyebíye: Ohun tó yẹ kí tọkọtaya jọ mọ̀ kí wọ́n tó fowó lé e

Ní ọjọ́ 26 oṣù October, ọdún 2017, wọ́n lu aago ọwọ́ kan ní gbàǹjo ní New York. Owó tí ẹni tó rà á san lé mílíọ̀nù 17.7 dọ́là. Aago náà kì í ṣe wúrà. Kò sí dáyámọ́ńdì kankan lára rẹ̀. Irin ni wọ́n fi ṣe é, Rolex tí wọ́n ń pè ní Daytona, irú èyí tí àwọn ontajà kò rí tà bọ̀rọ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láàárín ọdún 1960 sí 1970. Títí di ọjọ́ yẹn, wọn ò tíì ta aago ọwọ́ kankan ní gbàǹjo ní iye tó tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá gbé owó rẹ̀ dé ibẹ̀? Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ni, àti ọ̀rọ̀ ṣókí kan tó wà lẹ́yìn aago náà, tí ìyàwó ní kí wọ́n fín sí i fún ọkọ rẹ̀ pé kó máa rọra wakọ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ là yé ara wa lónìí nìyí. Aago àtijọ́ kì í níye lórí torí pé ó ti gbó. Ohun tí èèyàn lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nípa rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di olówó iyebíye: ta ló ṣe é, ìgbà wo ni, ta ló ti lò ó, ṣé ohun tó bá a wá láti iléeṣẹ́ ló ṣì wà lára rẹ̀. Tọkọtaya tó bá jọ ń kó aago jọ ní àǹfààní kan tí ẹni tó ń dá a ṣe kò ní, torí ẹlẹ́rìí méjì ló wà nínú ilé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ń ṣe é, tí ẹnì kejì ò mọ nǹkan kan, owó ńlá lè ti ibẹ̀ sọnù.

Aago tí Joanne rà fún Paul

Paul Newman jẹ́ gbajúgbajà òṣèré fíìmù ní Amẹ́ríkà. Ìyàwó rẹ̀, Joanne Woodward, náà jẹ́ òṣèré tó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar. Oṣù January, ọdún 1958 ni wọ́n ṣègbéyàwó, wọ́n sì jọ wà títí Newman fi kú ní oṣù September, ọdún 2008. Ó lé ní 50 ọdún.

Nígbà tí 1960 sí 1970 ń parí lọ, Newman ṣe fíìmù kan tó dá lórí eré ìje ọkọ̀. Eré ìje náà wọ̀ ọ́ lára débi pé òun fúnra rẹ̀ di awakọ̀ ìje. Ní ọdún 1979, òun àti àwọn tí wọ́n jọ wakọ̀ ṣe ipò kejì nínú ìdíje oníwákàtí 24 ti Le Mans ní ilẹ̀ Faransé. Lásìkò tí ìfẹ́ ọkọ̀ ìje yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni Joanne ra Daytona náà fún un. Aago àwọn awakọ̀ ìje ni, torí ó ní ibi tí wọ́n ti lè ka ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ fi sáré. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ní kí wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí pé, "Rọra wakọ̀ o. Èmi ni."

Ní ọdún 1984, ọmọkùnrin tó ń fẹ́ Nell, ọmọ wọn, ń bá wọn tún ilé orí igi kan ṣe ní àgbàlá. Newman bi í pé aago mélòó ló lù. Ọmọkùnrin náà ní òun ò ní aago. Bàbá bọ́ ti ọwọ́ rẹ̀, ó fún un. Ó lé ní 30 ọdún kí aago náà tó dé ọjà gbàǹjo, wọ́n sì fi lára owó rẹ̀ ṣètọrẹ fún àjọ aláàánú tí Nell dá sílẹ̀.

Joanne ò fi mọ sí ẹyọ kan. Ní 1983 ó ra Daytona mìíràn fún ọkọ rẹ̀, ó tún kọ ọ́ sí i lẹ́yìn pé kó rọra wakọ̀, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Wọ́n ta ìyẹn ní December 2020 ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 5.4 dọ́là. Ní June 2023, wọ́n tún ta Daytona méjì mìíràn tó jẹ́ ti Newman, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. Irú aago kan náà wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn, ó sì wọ́n, àmọ́ kò sún mọ́ mílíọ̀nù 17. Ohun tó fi kún ti Newman ni orúkọ ẹni tó wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, fọ́tò tó fi hàn pé ó wọ̀ ọ́, àti ẹni tó lè jẹ́rìí bí ó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀.

Àwa náà kò ṣàì mọ ìtumọ̀ aago láàárín ọkọ àti aya. Nínú ẹrù ìdána, lẹ́yìn Bíbélì tàbí Kùránì, òrùka, agboòrùn àti àpótí aṣọ, aago ọwọ́ máa ń wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ nínú wa, mélòó ló fi rìsíìtì rẹ̀ pamọ́?

Kí ni wọ́n ń pè ní aago àtijọ́?

Kò sí òfin kan tó dá ọjọ́ orí rẹ̀ sọ́nà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á gbà pé tí aago bá ti tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ó ti wọ ẹgbẹ́ àtijọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn olùfẹ́ aago ń wá jù ni èyí tó ń ṣiṣẹ́ láìsí bátìrì.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Sípíríǹgì kan wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá yí kókó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, sípíríǹgì yìí á ká jọ. Bó ṣe ń tú díẹ̀díẹ̀ ló ń ti àwọn jíà kéékèèké tó ń gbé ọwọ́ wákàtí àti ti ìṣẹ́jú. Apá kan wà tó ń dá àwọn jíà náà dúró, tó tún ń tú wọn sílẹ̀, kí agbára sípíríǹgì má baà tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ìró kẹ́-kẹ́-kẹ́ tí à ń gbọ́ ti ń wá. Nínú ọ̀pọ̀ aago àtijọ́, ìgbà márùn-ún ni ìró yẹn ń dún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ìgbà 18,000 ní wákàtí kan. Irú kejì wà tí kò di dandan kí ẹ máa yí kókó rẹ̀ lójoojúmọ́. Irin wúwo kan wà nínú tirẹ̀ tó ń yí bí ọwọ́ yín bá ṣe ń mì, òun ló ń ká sípíríǹgì náà.

Ní ọjọ́ 25 oṣù December, ọdún 1969, iléeṣẹ́ Seiko ti ilẹ̀ Jàpáàní gbé Astron jáde. Òun ni aago ọwọ́ oníbátìrì àkọ́kọ́ tó ń lo òkúta quartz tí wọ́n tà fún aráyé. Nínú irú aago bẹ́ẹ̀ lóde òní, òkúta yìí ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyẹn tí aago bátìrì olówó pọ́ọ́kú fi ń pe àkókò ju Rolex lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iṣẹ́ aago run ní Switzerland. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nídìí iṣẹ́ náà níbẹ̀ tó nǹkan bí 90,000 ní ọdún 1970. Nígbà tó fi máa di àárín 1980 sí 1990, iye tó ṣẹ́kù kò ju 30,000 ó lé díẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kógbá wọlé. Lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago àtijọ́ bí iṣẹ́ ọnà. Ẹni tó ń rà á lónìí kò rà á torí kó lè mọ aago tó lù. Fóònù á sọ ìyẹn fún un. Iṣẹ́ ọwọ́ ló ń rà, àti ìtàn.

Ti obìnrin ni aago ọwọ́ tẹ́lẹ̀

Èyí máa ya àwọn kan lẹ́nu. Láyé ìgbà kan, obìnrin ló ń so aago mọ́ ọwọ́. Inú àpò ni ọkùnrin ń fi tirẹ̀ sí. Ní ọdún 1868, iléeṣẹ́ Patek Philippe ní Geneva ṣe aago ọwọ́ kan fún obìnrin ọlọ́lá kan ní ilẹ̀ Hungary. Ní 1904, Louis Cartier ní Paris ṣe ọ̀kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Alberto Santos-Dumont, ọmọ ilẹ̀ Bùràsíìlì tó máa ń fò lójú òfuurufú. Santos-Dumont kò ráyè máa fa aago yọ lápò nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń darí ọkọ̀ òfuurufú. Ogun Àgbáyé Kìíní, láàárín 1914 sí 1918, ló wá jẹ́ kó mọ́ àwọn ọkùnrin lára, torí ọmọ ogun tó wà nínú kòtò ogun kò lè máa wá aago nínú àpò.

Kí ni ìyẹn kan tọkọtaya? Ó kàn wọ́n dáadáa. Aago ọkùnrin tí wọ́n ṣe láàárín 1940 sí 1970 kò tóbi bíi ti òde òní. Púpọ̀ nínú wọn fẹ̀ tó mìlímítà 33 sí 36. Ọwọ́ obìnrin gbà á dáadáa. Nítorí náà, aago kan ṣoṣo lè jẹ́ ti ẹni méjì: ọkọ á wọ̀ ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́ lónìí, ìyàwó á fi lọ sóde ní Sátidé. Ní ti àwọn aago àtijọ́ kéékèèké tí wọ́n ṣe fún obìnrin, owó wọn sábà máa ń wálẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ, bẹ́ẹ̀ iléeṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n. Tọkọtaya tí owó wọn kò pọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ohun tó ń bu iye aago kù

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí aago bá ṣe ń dán tó ni owó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọjà aago àtijọ́, èyí tí wọ́n ti dán jù gan-an ni owó rẹ̀ ń já wálẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ojú aago. Tí wọ́n bá ti tún un kùn, tí wọ́n tún nọ́ńbà àti orúkọ iléeṣẹ́ kọ sí i, ìpín ńlá nínú owó rẹ̀ ti lọ. Ojú aago tó ti pọ́n díẹ̀ tàbí tó ti ní àmì ọjọ́ ogbó, tó sì jẹ́ ti àbáláyé, sàn ju èyí tí wọ́n sọ di tuntun lọ.

Èkejì ni ara rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ fá irin rẹ̀ kó lè máa kọ mànà, igun tó mú ṣáṣá nígbà tí iléeṣẹ́ ṣe é á di róbótó. Irin tí wọ́n bá ti fá kúrò, kò ṣeé dá padà.

Ẹ̀kẹta ni ìwé rẹ̀. Àpótí tó bá a wá, rìsíìtì, ìwé ẹ̀rí iléeṣẹ́, lẹ́tà ẹni tó fi ta ẹlòmíì lọ́rẹ, fọ́tò ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ń fi owó kún aago. Àwọn iléeṣẹ́ kan bíi Patek Philippe àti Longines lè wo ìwé àkọsílẹ̀ wọn, kí wọ́n sì fún ẹni tó ni aago ní ìwé tó sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Rolex kì í fúnni ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìwé àtijọ́ tó bá Rolex wá fi ṣe pàtàkì gan-an.

Nígbà tí ọmọ ilé tan onílé

Ẹ má rò pé ẹni tí kò mọ̀wé nìkan ni wọ́n ń tà ní gbẹ̀ǹdẹ́kẹ. Ní November 2021, wọ́n ta Omega Speedmaster ọdún 1957 kan ní gbàǹjo ní Geneva. Ojú rẹ̀ tó ti di àwọ̀ búráhùn wu gbogbo èèyàn. Owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta owó Swiss franc. Iléeṣẹ́ Omega fúnra rẹ̀ ló rà á fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀.

Ní ọdún 2023, àṣírí tú. Omega ní aago náà kì í ṣe ojúlówó odindi. Ara aago oríṣiríṣi ni wọ́n ṣà jọ tí wọ́n fi tò ó. Iléeṣẹ́ náà sì sọ pé òṣìṣẹ́ òun tẹ́lẹ̀ mẹ́ta ló lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ilé tó ṣe aago ni wọ́n lo aago tán jẹ, àwọn ọmọ ilé ló sì wà nídìí ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìwé nìkan ò tó, ojú nìkan ò tó, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan náà ò tó. Ó yẹ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ara wọn mu.

Ẹnì kan wo aago, ẹnì kejì wo ontajà

Ibí ni jíjẹ́ méjì ti wúlò jù. Ẹni tí aago ti wọ̀ lójú kì í rí àléébù rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹ pín iṣẹ́ náà láàárín ara yín. Kí ẹnì kan gbájú mọ́ aago, kí ẹnì kejì gbájú mọ́ ẹni tó ń tà á àti ìwé tó gbé kalẹ̀.

Ẹni tó ń wo aago, àwọn ohun tí yóò yẹ̀ wò nìyí:

1. Ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Nínú aago tí kò lo bátìrì, ó máa ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìdúró pẹ́. Tó bá ń fò lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bátìrì ló wà nínú rẹ̀. Rolex náà ṣe oníbátìrì díẹ̀, irú bí Oysterquartz tó jáde ní 1977, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sọ pé Submariner 1965 ni, tó sì ń fò bẹ́ẹ̀, ẹ dìde kẹ́ ẹ máa lọ.

2. Ìsàlẹ̀ ojú aago. Tí ẹ bá rí lẹ́tà T lẹ́gbẹ̀ẹ́ SWISS, ohun tó ń jẹ́ kó tàn lálẹ́ ni tritium, ìyẹn sì di ohun tí wọ́n ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ 1960 sí 1970 wá. Bí ontajà bá ní ọdún 1950 ni wọ́n ṣe aago, tí lẹ́tà T wà lójú rẹ̀, ojú yẹn kọ́ ló bá a wá. Ó lè jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ níbi àtúnṣe. Kì í ṣe olè dandan, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀.

3. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára irin. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó bá ti inú ìwé mu. Bí wọ́n bá ti fi nǹkan ha á kúrò, ẹ má rà á.

4. Inú rẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó mọ aago tún ṣe ṣí i lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Ontajà tí kò bá gbà kí wọ́n ṣí i ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Ẹni tó ń wo ontajà á béèrè tirẹ̀: Níbo lẹ ti rí i? Ìgbà wo ni wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn, ta ló sì tún un ṣe? Ṣé ẹ máa kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé ojúlówó ni, pé ẹ máa dá owó padà tí kò bá rí bẹ́ẹ̀? Kí ẹni náà tún béèrè ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kó wò ó bóyá ìdáhùn kejì bá ti àkọ́kọ́ mu.

Ọ̀rọ̀ ààbò kan rèé fún àwọn tó lọ́mọ nílé. Aago tí wọ́n ṣe ṣáájú àárín 1960 sí 1970, tí nọ́ńbà ojú rẹ̀ ń tàn lálẹ́ tàbí tó ti tàn rí, lè ní radium. Radium léwu fún ara. Ó ń gba nǹkan bí 1,600 ọdún kí agbára rẹ̀ tó dín kù sí ìdajì, nítorí náà, pé aago kò tàn mọ́ kò túmọ̀ sí pé ewu ti lọ. Láyé ọjọ́un ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọbìnrin tó ń fi radium kun ojú aago ní iléeṣẹ́ máa ń fi ètè mú ẹnu búrọ́ọ̀ṣì wọn ṣómúṣómú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣàìsàn, àwọn kan sì kú. Ẹ má ṣí irú aago bẹ́ẹ̀ fúnra yín, ẹ má fi nǹkan ha ojú rẹ̀, ẹ má sì fún ọmọdé fi ṣeré.

Owó ilé ńkọ́?

Àwọn tó ń kó aago jọ lókè òkun ní àwàdà kan tí wọ́n máa ń dá. Wọ́n ní ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù jù ni pé, lẹ́yìn tí wọ́n bá kú, ìyàwó wọn á ta aago wọn ní iye tí wọ́n purọ́ fún un pé wọ́n rà á. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ọkọ ra aago ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là, ó ní ọgọ́rùn-ún méjì ni. Ọjọ́ burúkú dé. Ẹnì kan wá kí ìyàwó, ó ní òun á fún un ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Ìyàwó á tún máa dúpẹ́ pé òun jèrè.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Kí ẹ tó ra ẹyọ kan, ẹ jọ fẹnu kò lórí iye tí ẹ kò ní kọjá láàárín ọdún. Kí ó yé yín pé tí ẹnì kan bá ní "mi ò fẹ́," ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Owó ilé ìwé ọmọ, owó ilé gbígbé àti owó àjọ kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, ẹ má sì yá owó ra aago.

Ẹ tún ránti owó àtúnṣe. Òróró inú aago máa ń gbẹ. Ó dára kí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tú u palẹ̀, kó fọ̀ ọ́, kó sì fi òróró tuntun sí i lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ìnáwó ìyẹn lè pọ̀ ju owó tí wọ́n fi ra aago kékeré kan lọ. Aago àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ọ́ pé omi ò wọ̀ ọ́, ẹ má gbà á gbọ́. Rọ́bà tó ń dí omi ti gbó. Ẹ má wọ̀ ọ́ wẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé owó aago kì í já wálẹ̀, ẹ dá a lóhùn pé ó ń já. Láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, owó ọ̀pọ̀ Rolex àti Patek Philippe lọ́wọ́ àwọn tó ń tà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì já wálẹ̀ lẹ́yìn tó ti ga sókè fíofío. Ẹni tó rà á lásìkò tó wọ́n jù, tó ń retí èrè kíákíá, pàdánù. Ohun tí ẹ bá fẹ́ràn láti wọ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Tí èrè bá wá tẹ̀ lé e, a ó dúpẹ́.

Aago tó kúrò nílé tí onílé ò mọ̀

Yoko Ono ra Patek Philippe kan fún ọkọ rẹ̀, olórin John Lennon, nígbà tó pé ọmọ 40 ọdún ní October 1980. Ó ní kí wọ́n fín orúkọ orin Lennon kan, orúkọ tirẹ̀, ọjọ́ ìbí náà àti orúkọ ìlú New York sí ẹ̀yìn rẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 8 oṣù December, wọ́n yìnbọn pa Lennon.

Aago náà wà nínú ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó jẹ́ awakọ̀ Yoko Ono tẹ́lẹ̀ jí i gbé. Ó ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ó dé Jámánì, ọmọ Ítálì kan tó ń kó aago jọ sì rà á. Ìgbà tí ẹni yìí gbé e lọ sí Geneva kí wọ́n lè díye lé e ni ọ̀rọ̀ jáde. Ọdún 2014 nìyẹn, ìgbà náà gan-an sì ni Yoko Ono tó mọ̀ pé aago ti kúrò nínú ilé òun. Ẹjọ́ náà pẹ́. Ní November 2024 ni ìròyìn jáde pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Switzerland ti dá a pé ti Yoko Ono ni, torí kò fún ẹnikẹ́ni.

Ó gbà á padà nílé ẹjọ́. Ẹ wo iye ọdún tó gbà. Fún àwa tí a kò lówó lọ́yà tó ń gbé láti ìlú dé ìlú, ohun tó rọrùn ni kí á ṣe é kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀. Ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti nọ́ńbà aago kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan: orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ rà á, ọwọ́ ẹni tí ẹ ti rà á, iye tí ẹ rà á gan-an. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ọkọ, kí ìkan wà lọ́wọ́ ìyàwó. Lẹ́ẹ̀kan ní ọdún, ẹ jọ kó wọn jáde, kẹ́ ẹ kà wọ́n. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè fi ọ̀rọ̀ aago wọn tó sọnù sọ́dọ̀ The Watch Register, tó ń kọ nọ́ńbà aago tí wọ́n jí gbé sílẹ̀. Kí ẹ tó ra aago pàápàá, ẹ lè sanwó kí wọ́n bá yín yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò níbẹ̀.

Èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ńkọ́?

Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ò ní in lọ́kàn láti ra aago kankan. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ dúrọ́ọ̀ Bàbá wò, tàbí àpótí Màmá. Omega, Longines, Seiko tàbí Rolex lè wà níbẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì tàbí nígbà ìgbéyàwó wọn. Ẹ má gbé e fún ẹni tó máa dán an. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín fi tuntun pààrọ̀ ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá pààrọ̀ nǹkan kan nínú rẹ̀, ẹ gba èyí tí wọ́n yọ kúrò padà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fín sí ẹ̀yìn rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fá a kúrò.

Tí àwọn òbí yín bá ṣì wà láyé, ẹ bi wọ́n léèrè ìtàn aago náà lónìí: ta ló rà á, ọdún wo ni, níbo. Ẹ gba ohùn wọn sínú fóònù. Ẹ wá fọ́tò ìgbà tí wọ́n wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá sì ń ṣe ìwé ìhágún, ẹ kọ orúkọ ẹni tí aago kọ̀ọ̀kan máa jẹ́ tirẹ̀ sí i, kí àwọn ọmọ má baà máa fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ìyàwó Newman kò mọ̀ pé aago tóun rà máa di mílíọ̀nù. Ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ kó délé láyọ̀. Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá máa ra aago fún ara yín, àtijọ́ ni o, tuntun ni o, ẹ kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì fi rìsíìtì rẹ̀ pamọ́ síbi tí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀.